Ẹ̀bi lórí ìpalára tí ohun èlò iná mànàmáná aláléébù fà

Ẹ̀bi yìí jẹ́ ẹ̀ka òfin tó ń pinnu ẹni tí yóò san owó gbà-má-bìínú bí iná bá gbé ènìyàn láti ara fírísà, ayọ́ọ̀nù tàbí ohun èlò mìíràn. Ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Òmù-Àrán àti agbègbè wọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Kwara lè gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìpìlẹ̀

Ìdájọ́ Donoghue v Stevenson, tí àwọn adájọ́ àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1932, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹni tó ṣe ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tí yóò lò ó, bí wọn kò tilẹ̀ bára wọn ṣe àdéhùn. Àwọn ilé ẹjọ́ Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlànà yìí. Òfin Ìdíje Ọjà àti Ààbò Oníbàárà ti 2018 tún sọ pé ẹni tó pèsè ọjà aláléébù yóò dáhùn fún ìpalára tó fà, bí ẹni tó fara pa kò bá tilẹ̀ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tí fírísà bàbá rẹ̀ ṣe léṣe kò yọ sílẹ̀.

Ẹ̀rí

Ibí ni ẹjọ́ ti ń le jù. Olùpẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé àléébù náà ti wà lára ọjà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀, àti pé àléébù náà gan-an ló fa ìpalára. Fún fírísà onírin tí ń lo iná 230 fóòtì, wáyà ilẹ̀, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò sára irin lọ sínú ilẹ̀, ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ayẹ̀wò wá. Bí ilé iṣẹ́ kò bá so ó mọ́ ara irin náà, ẹ̀bi lè jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ta tòkunbọ̀ ló gé e kúrò nígbà tó ń pààrọ̀ píláágì, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ilé náà kò bá sì ní irin ilẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí onílé tàbí oníṣẹ́ iná tó fa wáyà rẹ̀ wá jẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ohun náà ṣe tàbí sọ ọ́ nù kí onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àtúnṣe kan ṣoṣo lè pa ẹ̀rí run. Rìsíìtì, fọ́tò ojú ibi tí iná ti jó ènìyàn àti ìwé dókítà náà ṣe pàtàkì.

Àwọn àjọ tó kàn

Àjọ SON, tó ń rí sí ìlànà dídára ọjà ní Nàìjíríà, ń fi ètò MANCAP ṣàyẹ̀wò ọjà abẹ́lé, ó sì ń fi ètò SONCAP ṣàyẹ̀wò èyí tó ti òkèèrè wọlé. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ààbò iná mànàmáná, ló ń yẹ ìsopọ̀ iná wò. Òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè gba owó lábẹ́ òfin 2010 lórí ìsanpadà fún òṣìṣẹ́, láìjẹ́ pé ó fi àìṣọ́ra ọ̀gá rẹ̀ hàn.