Àwòrán ni àbí ère? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́tò iṣẹ́ ayàwòrán kan ní Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í kiri orí WhatsApp. Pátákó gbọọrọ kan ni, tí wọ́n lẹ èèpo igi máńgòrò, iyẹ̀pẹ̀ pupa, ewé gbígbẹ àti àpáàdì ìkòkò mọ́, tí ẹ̀ka igi kan sì yọ jáde láàárín rẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń bèèrè ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè yín ti kún fóònù mi.

Àwòrán ni àbí ère?
Méjèèjì. Ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ jẹ́ àwòrán, ibi tó yọ gọngọ jẹ́ ère.

Ṣé àṣà táwọn ọmọ ìsinsìnyí gbé dé ni?
Rárá o. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Jimoh Buraimoh ti ń lẹ ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ pátákó ní Òṣogbo. Twins Seven-Seven, ọmọ Ògìdì tó wà lábẹ́ Kwara kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, a máa to pátákó gígé lé ara wọn kó tó kùn ún. Ìdérí ìgò ọtí ni El Anatsui fi ọ̀pọ̀ ọdún ń fi wáyà so pọ̀ ní Nsukka, tó ń di aṣọ ńlá lára ògiri. Ọ̀pọ̀ ọ̀mùtí ti lọ́wọ́ sí iṣẹ́ ọnà láìmọ̀.

Ṣé ewé yẹn ò ní jẹrà?
Omi ló ń mú kí ewé jẹrà, kì í ṣe ọjọ́ orí. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sáàárín ìwé títí omi ara rẹ̀ fi tán, tí wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò bò ó lójú, ọ̀rinrin ò ní tètè ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò ní dúró. Oòrùn á kó o lọ díẹ̀díẹ̀. Igi gan-an ló ń fa wàhálà. Nígbà ọyẹ́, á súnkì. Nígbà òjò, á wú. Iyẹ̀pẹ̀ àti àpáàdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kì í bá a súnkì, kì í bá a wú, nítorí náà wọ́n á sán, wọ́n á sì máa já bọ́. Mo fọwọ́ kan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí lóṣù Ṣẹẹrẹ, iyẹ̀pẹ̀ bá mọ́ mi níka. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Ikán ńkọ́?
Ikán ò mọ iṣẹ́ ọnà. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ṣé kì í ṣe òrìṣà ni wọ́n fẹ́ gbé wọlé wa?
Ìlọrin la wà, ó yé mi. Igi kì í di òrìṣà torí pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Ẹnu àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù ò kò lórí àwòrán ohun ẹlẹ́mìí. Ṣùgbọ́n nínú hádíìsì tí Bukhari gbà wá, ọkùnrin kan tó ń fi àwòrán yíyà jẹun lọ bá Ibn Abbas, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì. Ìmọ̀ràn tó fún un ni pé tó bá di dandan kó yà, kó ya igi àti ohun tí kò lẹ́mìí. Iṣẹ́ tá à ń wí yìí, igi àti iyẹ̀pẹ̀ ni. Tí ọkàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ bi àfáà yín. Èmi kì í ṣe àfáà.

Ṣé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú ère Èsìẹ́?
Rárá. Òkúta rírọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère ìlú Èsìẹ́ ní Kwara, wọ́n sì lé ní 800. Mùsíọ́mù tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ló ṣáájú gbogbo mùsíọ́mù Nàìjíríà. Ìtàn ìlú ní èèyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta. Ayàwòrán tiwa ò sọ ẹnikẹ́ni di òkúta, àfi ẹni tó bá bèèrè iye tó ń tà á.

Tí mo bá rà á, báwo ni mo ṣe máa tọ́jú rẹ̀?
Ẹ gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ò ti pa á, kó sì jìnnà sí ògiri tí omi ń yọ lára rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbọn eruku rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ: kò gbọdọ̀ rí àkísà tútù.

Mo fẹ́ gbé e ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní London. Ṣé wọn ò ní mú mi?
Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ ìjọba tó ń rí sí mùsíọ́mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kó hàn pé iṣẹ́ òde òní ni, kì í ṣe ohun àtijọ́. Kẹ́ ẹ sì bi ayàwòrán náà dáadáa pé kí ló wà lára rẹ̀. Tó bá dárúkọ eyín erin tàbí ìpẹ́ àkíkà, ẹ gba owó yín padà, torí òwò wọn lè gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n. Èèpo igi náà nílò ìbéèrè, nítorí ẹ̀rù kòkòrò ń ba àwọn tó wà ní ibodè. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tẹ́ ẹ fi rán wọlé, kí máńgòrò kù sẹ́nu ọ̀nà.