Bí Ọkọ̀ Kékeré Ẹlẹ́sẹ̀ Katapílà Ṣe Ń Gbé Apẹja Lórí Omi Dídì

Wọ́n sé odò Volga ní ìlú Rybinsk, ní Rọ́ṣíà, omi sì ń kún lẹ́yìn ìsédò náà láti 1941 wọ 1947, títí tó fi di adágún tó fẹ̀ ju 4,500 kìlómítà níbùú-lóòró lọ. Bí ọ̀gìnnìtìn bá dé, ojú omi yìí á dì gbagidi. Àwọn apẹja á gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n á lu ihò sínú yìnyín, wọ́n á sọ ìwọ̀ sí i, wọ́n á máa dúró de àwọn ẹja tó ń jẹ́ perch, pike àti zander. Ṣùgbọ́n ẹja kì í jókòó sí etí omi de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń wá a lè rin kìlómítà márùn-ún tàbí mẹ́wàá, kó máa wọ́ irin ìluhò, àgọ́, sítóòfù, àga àti oúnjẹ tẹ̀lé ara rẹ̀, nínú òjò dídì tó ń mù ún dé orúnkún.

Ìlú Rybinsk yìí kan náà ni wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ orí òjò dídì tó ń jẹ́ Buran láti 1971. Ọkọ̀ gidi ni, ó ní ẹsẹ̀ katapílà méjì àti bàtà ìyọ̀ kan níwájú, ìyẹn ohun gbọọrọ pẹlẹbẹ tó ń yọ̀ lórí òjò dídì, àmọ́ ó wúwo, owó rẹ̀ ga, kò sì ṣeé sọ sínú búùtù mọ́tò. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ irin jó fi ń jókòó sí gáréèjì, tí wọ́n ń ṣe tiwọn. Ajá alẹ́ńjìnnì ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe ọkọ̀ kékeré yìí. Férémù irin kan ni, ẹsẹ̀ rọ́bà wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà lórí rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Apẹja kì í gùn ún bí ẹni gun ọ̀kadà. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, nínú ọpọ́n ike gígùn tí wọ́n so mọ́ ọn, ó di ọwọ́ ìdarí mú, ẹ̀rọ ń fà á lọ.

Ìwúwo ni olórí ọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin tó wọn 80 kìló, tó wọ bàtà òtútù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lè gba nǹkan bí 500 sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró lórí ilẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ń ru 0.16 kìló nìyẹn. Bó bá ń rìn, tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹyọ ẹsẹ̀ tó kù á ru ìlọ́po méjì, 0.32. Ẹ wá wo ẹ̀rọ tó wọn 100 kìló, tí ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀ fẹ̀ ní 50 sẹ̀ǹtímítà, tí ibi tó fi kan ilẹ̀ sì gùn ní mítà kan. 5,000 sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró ló pín ẹrù náà ru, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ru ju 0.02 kìló lọ. Irin tó wúwo ju ènìyàn lọ wá ń tẹ ilẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún bí ènìyàn tó ń rìn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ibi tí apẹja ti ń rì dé orúnkún, ẹ̀rọ á gba orí rẹ̀ kọjá.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, ó sì yẹ kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí. Òjò dídì àti yìnyín kì í ṣe ohun kan náà. Ohun tó ń mú nǹkan rì sínú òjò dídì ni bí ẹrù ṣe pín sórí ilẹ̀. Ohun tó ń mú yìnyín ya ni gbogbo ẹrù tó wà lórí rẹ̀ lápapọ̀. Yìnyín ń léfòó lórí omi ni. Bí nǹkan wúwo bá gun orí rẹ̀, á tẹ̀ díẹ̀ bíi pákó tí wọ́n gbé dábùú kòtò, bó bá sì tẹ̀ kọjá agbára rẹ̀, á sán. Ẹsẹ̀ tó fẹ̀ kò yọ kìló kan kúrò nínú 100 yẹn. Ohun tó ń gba ènìyàn là níbẹ̀ ni kí ẹ̀rọ fúyẹ́, kí yìnyín sì nípọn. Lorne Gold, onímọ̀ yìnyín ní Kánádà, gbé ìṣirò kan jáde ní 1971 tí wọ́n ṣì ń lò dòní: bí yìnyín bá nípọn ní ìlọ́po méjì, ẹrù tó lè gbé á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ yí i padà, ẹ ó rí ìbẹ̀rù tó wà nínú rẹ̀. Ibi tí yìnyín ti dín kù sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ló ṣẹ́ kù, ojú lásán kò sì lè rí i.

Torí náà, irin onígun mẹ́rin tí inú rẹ̀ ṣófo ni wọ́n ń jó pọ̀ ṣe férémù, wọn kì í lo irin tó kún. Gbogbo ohun tí kò bá ní iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n á yọ ọ́.

Ẹsẹ̀ rọ́bà ló gba iṣẹ́ jù. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á ra ti Buran, tó fẹ̀ ní 38 sẹ̀ǹtímítà, á sì kan férémù rẹ̀ yí i ká. Ẹni tí kò bá ní á ṣe é fúnra rẹ̀, ohun tó sì ń lò kò ju rọ́bà àlòkù àti páìpù omi lọ. Rọ́bà gbọọrọ tí wọ́n fi ń gbé òkúta níbi ìwakùsà ló dára jù, nítorí pé aṣọ líle wà láàárín rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó fà. Wọ́n á gé e sí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, wọ́n á tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ìdọ́gba, wọ́n á fi àlàfo sí àárín. Páìpù ike dúdú tí wọ́n fi ń fa omi wọlé ni wọ́n á wá gé sí ìwọ̀n ìbú ẹsẹ̀ náà, wọ́n á sì la ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì lóòró. Páìpù kì í dúró sójú kan lábẹ́ ayùn, yíyí ló máa ń yí. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kan àpótí pákó tóóró kan, wọ́n á ki páìpù sínú rẹ̀, wọ́n á fi ìṣó onídẹ̀ẹ́ dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó tan ayùn. Ààbọ̀ páìpù kọ̀ọ̀kan á dábùú tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́bà méjèèjì, bóòtù àti nọ́ọ̀tì á dè é. Inú àlàfo tó wà láàárín rọ́bà méjì yẹn ni eyín wíìlì ń bọ́ sí, tó ń ti páìpù, tí ẹsẹ̀ fi ń yí.

Ẹni tó bá fi ojú lásán wọn ihò bóòtù á kábàámọ̀. Ká ní àlàfo kan fi mílímítà díẹ̀ ju èkejì lọ, eyín wíìlì á gun orí páìpù dípò kó bọ́ sí àárín, á máa gbá a pàkàpàkà títí nǹkan kan á fi já. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń lu ihò sára irin pẹlẹbẹ kan ṣoṣo, irin yẹn ni wọ́n á sì fi lu gbogbo ihò yòókù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ike líle tó nípọn ni wọ́n ń gé ṣe wíìlì eléyín, torí yìnyín kì í lẹ̀ mọ́ ike bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ irin. Lẹ́yìn ọkọ̀, bóòtù gígùn méjì wà tí wọ́n fi ń fa ẹsẹ̀ náà le. Bó bá rọ̀ jù, á fò eyín. Bó bá le jù, á jẹ agbára ẹ́ńjìnnì lásán, á sì pa bíárìn.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé sórí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti gbé ata lọ sí ẹ̀rọ rí. Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróò kékeré, onípísítìn kan ni, irú tó ń yí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìfami àti jẹnẹrétọ̀. Honda ń ṣe é lórúkọ GX, Lifan ní China sì ń ṣe èyí tó jọ ọ́, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 6.5. Ìyẹn tó láti fa ènìyàn kan àti ẹrù rẹ̀ lórí òjò dídì tí kò jìn púpọ̀. Àwọn tí tiwọn jìn máa ń wá agbára ẹṣin 15, wọ́n á sì san án padà ní ìwúwo.

Láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rọ́bà ni iṣẹ́ ọpọlọ tó dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀rọ yìí wà. Jíà kankan kò sí níbẹ̀. Púlì méjì àti fáàn-bẹ́líìtì kan ló ń ṣe iṣẹ́ jíà, irú èyí tó wà nínú skúùtà. Púlì kọ̀ọ̀kan jẹ́ awẹ́ méjì tó dojú kọra, tó lè sún mọ́ra, tó sì lè jìnnà síra. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́, awẹ́ púlì iwájú jìnnà síra, wọn kò di bẹ́líìtì mú, ọkọ̀ á dúró. Bí apẹja bá téná, àwọn irin kéékèèké tó wà lára púlì náà á fẹ́ fò síta nítorí eré tó ń yí wọn, wọ́n á ti awẹ́ kan lọ bá èkejì, bẹ́líìtì á há. Bí eré ṣe ń pọ̀ sí i ni awẹ́ á túbọ̀ máa fún bẹ́líìtì, tí bẹ́líìtì á máa gòkè lọ sí etí púlì iwájú. Kì í gùn sí i, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ máa wọ inú púlì ẹ̀yìn lọ, níbi tí sípíríǹgì ti ń bá a jà. Bí ọkọ̀ bá já sínú òjò dídì tó jìn, tí ẹrù wúwo, sípíríǹgì yẹn á borí, á fún awẹ́ ẹ̀yìn pa dé, agbára ìfà á pọ̀, eré á sì lọ sílẹ̀. Apẹja tó wọ ìbọ̀wọ́ nínípọn kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Láti púlì ẹ̀yìn, ṣéènì ló ń gbé agbára lọ sí wíìlì eléyín. Ká ní wíìlì náà ní eyín 10, tí sẹ̀ǹtímítà 4 sì wà láàárín eyín kan sí èkejì, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ọkọ̀ á sún síwájú ní 40 sẹ̀ǹtímítà. Ká ní ṣéènì dín ìyípo kù ní ìlọ́po 4. Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ní ìgbà 3,600 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí púlì méjèèjì bá ti dọ́gba, á yí wíìlì ní ìgbà 900. Mítà 360 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 22 ní wákàtí. Nígbà tí púlì ṣì ń dín ìyípo kù ní ìlọ́po 3, eré kò ju nǹkan bíi kìlómítà 7 lọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á máa fà ní ìlọ́po mẹ́ta. Ní tèmi, kìlómítà 20 ti tó fún ẹni tó jókòó sínú ọpọ́n ike lẹ́yìn irin. Ẹni tó bá fi agbára ìfà ra eré á gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ké, ọkọ̀ kò sì ní kúrò lójú kan.

Ohun tí ẹsẹ̀ rọ́bà ń gùn lábẹ́ férémù náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń lo ike gígùn tí rọ́bà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Òjò dídì ló ń fi omi díẹ̀díẹ̀ sí i, tó ń mú un tutù. Lórí yìnyín tí kò ní òjò dídì, ike yẹn á gbóná, á sì tètè jẹ tán. Àwọn mìíràn ń lo wíìlì kéékèèké, tí kò bìkítà fún yìnyín gbígbẹ, àmọ́ tí omi lè dì mọ́ lára. Lórí yìnyín tó mọ́ gaara, wọ́n tún ní láti kan ìṣó kúkúrú mọ́ ẹsẹ̀ náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò kàn máa yí lójú kan.

Òtútù fúnra rẹ̀ ń wá ibi tó máa gbà wọlé. Ẹ́ńjìnnì kékeré máa ń mí: èéfín àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Bí ọ̀rinrin yẹn bá dì lẹ́nu ihò náà, afẹ́fẹ́ inú kò ní rí ọ̀nà, á wá ti ọ́ìlì gba ojú rọ́bà ìdíhò jáde, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀. Àwọn tó gbọ́n máa ń darí ihò yẹn gba ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà kọjá, kó lè máa móoru. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti ìgbà òtútù náà ni wọ́n ń dà sí i. Bí wọ́n bá sì fẹ́ dúró pẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ ti igi bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rọ́bà, nítorí ọkọ̀ tó dúró sínú omi tó pò mọ́ òjò dídì lè lẹ̀ mọ́ yìnyín kí ilẹ̀ tó mọ́.

Irin gbọọrọ, kì í ṣe okùn, ló so ọkọ̀ mọ́ ọpọ́n. Bí okùn bá ni, ọpọ́n á máa sáré lọ gbá ọkọ̀ lẹ́yìn nígbàkigbà tó bá dẹwọ́. Apẹja á ti ọwọ́ ìdarí sí ẹ̀gbẹ́, á fi ara tẹ̀lé e, ọkọ̀ á yà. Ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ sí ẹni tó máa fi ṣeré ni okùn ìpaná: ẹnu kan wà lára ẹ̀rọ, ẹnu kejì wà lọ́rùn ọwọ́ apẹja. Bó bá ṣubú sílẹ̀, okùn á já, iná á kú. Láìsí i, ẹ̀rọ tí tọ́rọ́tù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń téná, ti há nínú òtútù lè máa lọ, kó fi olówó rẹ̀ sílẹ̀ láàárín adágún pẹ̀lú àgọ́ àti oúnjẹ tó ń bá a lọ.

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, níbi tí pípẹja lórí yìnyín ti wọ́pọ̀ gan-an, ìmọ̀ràn ìjọba ni pé yìnyín tuntun tó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà kí ènìyàn tó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Fún ọkọ̀ orí òjò dídì, ó tó nǹkan bí 13 sí 18. Yìnyín funfun tí òjò dídì dà pọ̀ mọ́ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì ni kí wọ́n wọn fún un. Lẹ́bàá ibi tí omi ti ń ṣàn, tàbí lábẹ́ òjò dídì tó bò ó bí aṣọ, yìnyín lè fẹ́lẹ́ ní ibì kan, kó nípọn ní ìtòsí rẹ̀. Torí náà, apẹja á máa dúró láti lu ihò wọ̀n ọ́n bó ṣe ń lọ, á sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì kọ́ ọrùn. Bí yìnyín bá ya, á gún wọn mọ́ ojú yìnyín, á fa ara rẹ̀ jáde sí apá ibi tó ti ń bọ̀, nítorí yìnyín apá ibẹ̀ ló ti gbé e tẹ́lẹ̀, kò sì ní dìde dúró títí yóò fi yí lọ jìnnà sí ihò náà.