Àǹtí Tí Kì í Ṣe Àǹtí Ẹnikẹ́ni: Bí Ojú Adúláwọ̀ Ṣe Di Ohun Ìpolówó Oúnjẹ

Tí èèyàn bá ń bọ̀ láti ọjà Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta, tó rí pátákó búkà tí wọ́n kọ "Ìyá" lágbájá sí, tí obìnrin tó wé gèlè sì ń rẹ́rìn-ín lára rẹ̀, kò ní bèèrè àlàyé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá yẹn ló ni búkà. Ọmọ tí wọ́n fi ń pè é, òun ló bí i. Gèlè orí rẹ̀, iyì ló fi wé e. Ojú yìí náà la sábà fi ń wo páálí ìyẹ̀fun páńkéèkì Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Aunt Jemima tẹ́lẹ̀: obìnrin dúdú tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tiẹ̀ tún pè é ní àǹtí. Ìdí nìyí tó fi ṣeé ṣe kó ya èèyàn lẹ́nu pé, ní oṣù kẹfà ọdún 2020, iléeṣẹ́ tó ni ín kéde pé àwọn máa mú orúkọ àti àwòrán náà kúrò.

Ọ̀rọ̀ "àǹtí" yẹn gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ tú. Ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà òwò ẹrú àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó kì í pe ènìyàn dúdú ní "Mr." tàbí "Mrs." Orúkọ lásán ni. Tí onítọ̀hún bá wá darúgbó, wọ́n á fi "Aunt" tàbí "Uncle" ṣíwájú orúkọ náà, kí wọ́n má bàa fún un ní oyè tí wọ́n ń fún àgbà òyìnbó. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tó bá pe àgbà lórúkọ gbalaja, wọ́n á bá a wí lójú ẹsẹ̀. Àǹtí tàbí bọ̀ọ̀dá tó bá fi ṣíwájú, ọ̀wọ̀ ni. Lọ́hùn-ún, àǹtí ni wọ́n fi du àgbà lọ́wọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ tó ń ṣe ló yàtọ̀ pátápátá.

Báwo ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe dé ara páálí? Ìyẹ̀fun ló fà á. Ní ọdún 1889, Chris Rutt àti Charles Underwood ní ilé ìlọyẹ̀fun kan ní St. Joseph, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Wọ́n po ìyẹ̀fun páńkéèkì alápòpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kò ní ojú: funfun ni tiwọn, funfun ni tẹlòmíràn. Kí oníbàárà tó lè mọ èyí tó jẹ́ tiwọn, wọ́n ní láti wá nǹkan kan lẹ̀ mọ́ àpò. Rutt bá lọ wo eré, irú èyí tí eléré ti máa ń kun ojú rẹ̀ dúdú kó lè fi ènìyàn dúdú ṣe ẹ̀fẹ̀. Orin "Old Aunt Jemima" ló gbọ́ níbẹ̀, ó sì mú orúkọ náà lọ sílé. Kò ní láti kọ́ oníbàárà ní ohunkóhun. Ẹ̀fẹ̀ náà ti wà lórí wọn tẹ́lẹ̀. Ó kàn yá a lò ni.

Nígbà tí R. T. Davis ra òwò náà lọ́wọ́ wọn, ó wá ẹni gidi tí yóò gbé orúkọ yẹn wọ̀. Nancy Green ló rí, obìnrin tí wọ́n bí sí oko ẹrú ní Kentucky ní 1834. Ní ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Chicago ní 1893, ó ń dín páńkéèkì fún èrò, ó ń pìtàn bí oko ẹrú àtijọ́ ṣe dùn tó. Ní ìpàtẹ yẹn kan náà, òǹkọ̀wé adúláwọ̀ méjì, Ida B. Wells àti Frederick Douglass, ń pín ìwé pélébé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ti adúláwọ̀ Amẹ́ríkà sẹ́yìn níbẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé kò ráyè. Ẹni tó ń dín nǹkan fún òyìnbó jẹ ni wọ́n fàyè gbà.

Ohun tí wọ́n ń tà gan-an rèé. Òwò ẹrú ti dópin ní Amẹ́ríkà láti 1865, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé aláwọ̀ funfun kò sì ní ọmọ-ọ̀dọ̀. Páálí náà ń sọ fún un pé ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ ṣì wà nínú ibí yìí, ó ti bá ọ po ìyẹ̀fun. Ẹ̀rín ojú àwòrán náà ń fi kún un pé inú ẹni tó ń sìn ọ́ dùn sí i. Ẹ̀rín yẹn ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọmọdé á rí i lórí tábìlì láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, kò sì sẹ́ni tó máa ń bá páálí jiyàn.

Àwọn mìíràn tọ ipa yìí. Cream of Wheat, oúnjẹ àlìkámà, ní alásè dúdú tirẹ̀ nígbà náà. Uncle Ben's ta ìrẹsì. Ní Faransé, Banania fi sójà Sẹ̀nẹ̀gà polówó kòkó láti 1915, wọ́n sì fi Faransé tí kò já gaara sí i lẹ́nu, ní àkókò tí irú sójà bẹ́ẹ̀ ń kú lójú ogun fún wọn. Senghor, akéwì ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, kọ ọ́ nínú ewì pé òun á fa ẹ̀rín Banania ya kúrò lára gbogbo ògiri Faransé.

Ẹ̀gbá sì ti mọ irú ẹni tí adúláwọ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ kí páálí yìí tó dáyé. Ní oṣù Kejìlá 1859, Martin Delany, oníṣègùn àti oníwèé ìròyìn, àti Robert Campbell, olùkọ́ ọmọ Jàmáíkà, bá Aláké àti àwọn ìjòyè fọwọ́ sí ìwé àdéhùn l'Ábẹ́òkúta, kí àwọn adúláwọ̀ tó bá fẹ́ kúrò ní Amẹ́ríkà lè rí ilẹ̀ tẹ̀dó. Ọgbọ̀n ọdún péré ló wà láàárín ìwé yẹn àti àpò ìyẹ̀fun Rutt.

Kí ló dé tí àwòrán náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àmì òwò kì í gbó bí wọ́n bá ṣáà ń lò ó, ojú tí oníbàárà sì ti mọ̀, owó ni. Quaker Oats tó ra òwò náà ní 1926 kò jù ú nù, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tún un kùn. Ní 1989, wọ́n tú ìborí rẹ̀, wọ́n sì fi yẹtí sí i létí. Ó lè ṣàjèjì lójú wa pé títú gèlè ni wọ́n fi ń wá iyì padà, àmọ́ ìborí yẹn ti di àmì ẹrú lọ́hùn-ún.

Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan, ní 2020 ni wọ́n tó fi í sílẹ̀. Láti 2021, Pearl Milling Company ni páálí náà ń jẹ́, orúkọ ilé ìlọyẹ̀fun àkọ́kọ́. Ẹbí Lillian Richard, ará Texas tó fi ọ̀pọ̀ ọdún rìnrìn àjò gẹ́gẹ́ bíi Jemima, ní kí wọ́n má ṣe pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́ láti gbọ́, torí àwọn obìnrin náà ṣiṣẹ́ gidi, láìjẹ́ pé orúkọ tiwọn hàn lára páálí rí.

Mọ́tò ló pa Nancy Green ní Chicago ní 1923. Ibojì rẹ̀ kò ní òkúta àmì títí di 2020. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i lára, Nancy Green.