Àtúnṣe agbára-ká: ẹ yé pè é ní "aláwọ̀ ewé" mọ́

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ pè é ní "àtúnṣe aláwọ̀ ewé" gan-an? Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ tún kílíníìkì ṣe nílùú ńlá Áfíríkà tówó ò ti sí ni wọ́n ń sọ o, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "green" tàbí "sustainable retrofit", ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ "aláwọ̀ ewé" á rò pé ọ̀dà ni wọ́n fẹ́ fi kun ilé. Àwọn míì ní "alágbèéró". Kí ló ń gbé ró? Òpó ló ń gbé ilé ró! Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kàn bọ́ kóòtù lọ́rùn ẹ̀ tí wọ́n wọ bùbá fún.

Èmi, "àtúnṣe agbára-ká" ni mò ń pè é. Ojoojúmọ́ la ń sọ ọ́ pé "agbára mi ò ká a", ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà: táwọn tó gbówó kalẹ̀ bá ya fọ́tò tán tí wọ́n lọ, ṣé agbára àwọn nọ́ọ̀sì tó kù níbẹ̀ á ká owó iná, omi àti ohun tó bá bàjẹ́? Ẹnìkan bá mi jà pé ọ̀rọ̀ mi ń rùn bí ìṣẹ́, pé "atọ́jọ́" ló yẹ. Ó dáa, jẹnẹrétọ̀ tí kò rí dísù mu máa ń tọ́jọ́ gan-an, ogún ọdún ló lè fi jókòó sẹ́yìnkùlé, ta wá ló lò ó?

Ẹ wò ó báyìí. Wọ́n fún ẹ lẹ́ṣin pẹ̀lú ìlù àti ariwo, kò sẹ́ni tó dárúkọ koríko. Lọ́la ẹṣin á jẹun, lọ́túnla á tún jẹ, tó bá doṣù kẹta o ti ń wá ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹ. Ewúrẹ́ ńkọ́? Á jáde láàárọ̀, á wá oúnjẹ ara ẹ̀ kiri, á wọlé lálẹ́. (Mo mọ̀ pé ewúrẹ́ ń jalè, ẹ fìyẹn sílẹ̀.) Ẹ̀rọ amúlétutù, ẹṣin ni. Fèrèsé tó dojú kọra, òrùlé tó yọ síta tó ń ṣíji bo ògiri, ewúrẹ́ nìyẹn. Fíríìjì àjẹsára tí inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, tó bá jẹ́ oníbátìrì, ẹṣin ni, torí bátìrì á kú lọ́jọ́ kan. Èyí tó ń gba iná oòrùn láìsí bátìrì, tó ń sọ omi di yìnyín lọ́sàn-án kí òtútù lè wà dòru, ìyẹn sún mọ́ ewúrẹ́ dáadáa.

Atẹ́gùn tó ń gba fèrèsé ọ̀hún wọlé kì í sì í ṣe fún fàájì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń ràn nínú yàrá tó há. Lọ́dún 2009, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní wọ́ọ̀dù tó bá gbára lé atẹ́gùn lásán gbọ́dọ̀ máa rí lítà afẹ́fẹ́ 60 fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 160 fún yàrá àwọn tí àrùn wọn ń gba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ní Butaro, ní Rwanda, ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2011, ìta ni wọ́n gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí nítorí èyí, òkúta àdúgbò ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Ilé tuntun ni, kì í ṣe àtúnṣe, mo ti gbọ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó ju agbára-ká lọ, kó mú un wá. Ṣùgbọ́n tí àwọ̀ bá wà nínú ẹ̀, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu.