Bí Percy Stallard ṣe dá eré kẹ̀kẹ́ padà sójú títì nílùú Ọba

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń rọ́ gììrì kọjá lójú títì nílùú Ọba, ṣé ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni nígbà kan? Ìjọba kọ́ ló kà á léèwọ̀ o, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ fúnra ẹ̀ ni, National Cyclists' Union. Láti nǹkan bí 1890 ni wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ sí eré lójú títì mọ́, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé tí ọlọ́pàá bá fi lè bínú, wọ́n á ní kí kẹ̀kẹ́ má gba títì mọ́ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ sáré kó lọ sí pápá. Àwọn tí ò lè mú un mọ́ra wá ń jáde ní ìdájí, wọ́n á wọ aṣọ dúdú, wọ́n á máa tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan á lọ, ó máa ṣe díẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e, kí ẹni tó bá rí wọn má mọ̀ pé eré ni wọ́n ń sá. Bí ẹni tó jalè!

Percy Stallard ní tiẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ bàbá ẹ̀ ní Wolverhampton ni wọ́n bí i sí ní 1909. Ó ti lọ díje àgbáyé ní Faransé ní 1933, ó tún lọ Jámánì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì ṣe ipò keje níbẹ̀, torí náà ojú ẹ̀ ti là. Nígbà tí ogun Hitler wá dé, tí epo di ohun tí wọ́n ń wọ̀n fáráàlú, tí mọ́tò ò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú títì mọ́, ó kọ̀wé sí àjọ náà ní ìparí 1941 pé tí ò bá ṣe ìsinsìnyí, ìgbà wo? Wọ́n ní rárá. Ó kọ etí ikún sí wọn.

Ní June 7, 1942, wọ́n gbéra láti Llangollen ní Wales, ó di Wolverhampton, máìlì mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ìwé ìròyìn Express & Star ṣagbátẹrù ẹ̀, àwọn sójà ni wọ́n fi èrè ẹ̀ ta lọ́rẹ. Èèyàn tó lé lẹ́gbẹ̀rún kan ló dúró dè wọ́n ní West Park, àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń sá fún látọjọ́ yìí ló sì ń bá wọn dá èrò dúró! Albert Price, ọmọ ìlú náà, ló gbégbá orókè.

Àjọ náà lé Stallard dànù, wọ́n sì fòfin de àwọn tó bá a sáré. Lóun náà bá kó wọn jọ, ní November ọdún yẹn wọ́n dá British League of Racing Cyclists sílẹ̀. Ní 1945 wọ́n sáré láti Brighton dé Glasgow fọ́jọ́ márùn-ún, ibẹ̀ ni Tour of Britain, eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀ tí wọ́n ń sá káàkiri ìlú Ọba, ti ṣẹ̀. Àjọ méjèèjì bára wọn fa wàhálà títí di 1959 tí wọ́n fi pa pọ̀, nígbà tó sì di 1960 ìjọba ṣòfin tó fàyè gba eré lójú títì. Inú gbogbo èèyàn dùn, àyàfi Stallard, tó ní ṣe ni àwọn èèyàn òun dalẹ̀ òun bí wọ́n ṣe gbà láti pa pọ̀ mọ́ àjọ tó lé òun.