Windows 10 ti kógbá sílé: kí ni ká ṣe sí kọ̀ǹpútà géèmù tó ti dàgbà? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn méjì ló bọ́ léra wọn ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ lórí Windows 10 dúró. Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, náà sì ti kéde ṣáájú pé oṣù yìí kan náà ni dráífà tuntun fún géèmù, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo káàdì, yóò dópin fún àwọn káàdì bíi GTX 750 Ti, ìdílé GTX 900 àti ìdílé GTX 1000. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ ní Computer Village ní Ìkẹjà pé kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti di òkú, tí àwọn mìíràn sì ń sọ pé overclocking, ìyẹn kí a mú kí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sáré ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é lọ, ni yóò jí i dìde. A ó gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò.

Ṣé kọ̀ǹpútà mi yóò dédé kú ni?

Rárá o, bó ṣe tàn lánàá náà ni yóò ṣe tàn lọ́la.

Kí ló wá dópin gan-an?

Ohun tó dópin ni bí Microsoft ṣe ń dí ihò tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Kódà, ìyẹn náà kò tíì tán pátápátá, nítorí pé àfikún ọdún kan wà tí yóò gbé e dé ọjọ́ 13 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2026. Ẹni tó bá fi àkáùńtì Microsoft wọlé, tó sì jẹ́ kí Windows tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní san kọ́bọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n tọ́jú nǹkan kan bá òun lè san dọ́là 30. Ní ti Nvidia, dráífà fún géèmù tuntun ló dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n àtúnṣe ààbò fún àwọn káàdì náà yóò máa jáde títí di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2028.

Kí ló dé tí Windows 11 fi kọ kọ̀ǹpútà mi?

Ó ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, kò sì fẹ́ processor Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, èyí tó jáde ní ọdún 2017. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i5 tàbí i7 lára sítíkà: bó bá jẹ́ i5-4590, ìran kẹrin ni, bó bá jẹ́ i5-8500, ìran kẹjọ ni. Overclocking kò lè sọ ìran kẹrin di ìran kẹjọ, bí ẹni tó ń ta ọjà náà ti wù kó búra tó.

Kí ni overclocking yìí gan-an?

Ẹ ronú sí onílù àti oníjó. Nínú processor, ìlù kan wà tó ń dún láìsinmi, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ló sì ń bá ìlù náà rìn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe processor ló yan bí ìlù náà yóò ṣe yára tó. Ẹni tó bá ń ṣe overclocking ń sọ fún onílù pé kó yára sí i, ó sì ń retí pé oníjó kò ní ṣìṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi i5-2500K ṣe àpẹẹrẹ, processor ọdún 2011 tí àwọn ọmọ géèmù ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Ìlù ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 100 MHz, ìyẹn ìgbà mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilé iṣẹ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 33, ìyẹn 3.3 GHz, ó sì lè fúnra rẹ̀ gùn dé 3.7 GHz nígbà tí iṣẹ́ bá kan án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ inú BIOS, ojú ètò tí kọ̀ǹpútà ní kí Windows tó tàn, wọ́n yí 33 padà sí 45, ó di 4.5 GHz, fáànù tó dára sì tó láti mú un tutù. Àǹfààní gidi nìyẹn nígbà náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í dé nínú ìtàn yìí ni owó iná. Bí oníjó bá ń ṣìṣe, a ní láti fi kún fólítì tó ń wọ inú processor, bẹ́ẹ̀ iná tí ẹ̀rọ ń jẹ máa ń pọ̀ sí i ní ìbámu pẹ̀lú ìyára, ó sì tún ń pọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú fólítì tí a fi fólítì sọ di púpọ̀. Ká ní a gbé fólítì láti 1.2 sí 1.35, tí a sì gbé ìyára láti 3.3 GHz sí 4.5 GHz, processor tó ń jẹ wáàtì 95 yóò máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 164. Gbogbo wáàtì wọ̀nyẹn ló ń di ooru. Ẹni tí ínfátà rẹ̀ ń sunkún tẹ́lẹ̀ yóò gbọ́ ohun tí mò ń sọ.

Ṣé ó ṣeé ṣe lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí mo rà?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò ṣeé ṣe, ìbéèrè yìí ló sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín. Lọ́dọ̀ Intel, lẹ́tà K ní ìparí nọ́ńbà ni ìlẹ̀kùn. Bí kò bá sí K, ìlẹ̀kùn tì. K nìkan kò sì tó, mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó sí, náà gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tó gbà á, bíi Z77 tàbí Z97. Ẹ wá wo Dell OptiPlex 9020, tí kò ṣọ̀wọ́n nínú ọjà tòkunbọ̀: i5-4590 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kò ní K, mọ́dábọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ni wọ́n sì fi sí i. Bí ẹ bá wá ibi tí ẹ ó ti yí ìlọ́po padà nínú BIOS rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ kò ní rí i. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín láti ṣe overclocking rẹ̀ ti ta afẹ́fẹ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ AMD, tó ń bá Intel du ọjà, yàtọ̀ díẹ̀: gbogbo processor rẹ̀ tó ń jẹ́ Ryzen tí kì í ṣe ti alágbèéká ló sábà máa ń ṣí sílẹ̀, bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti jẹ́ B350 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, A320 kò gbà á.

Kí ni kí n kọ́kọ́ náwó lé, nígbà náà?

Búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá ìtutù, tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń pè ní thermal paste. Mi ò fi ṣe àwàdà. Mo ṣí kọ̀ǹpútà kan lẹ́yìn ọyẹ́. Eruku tó wà láàárín fáànù àti irin ìtutù ti di aṣọ, odindi ni mo fi ìka ká a kúrò. Ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, ó ń bó bí ẹfun. Kí n tó tún un ṣe, processor náà máa ń dé 97°C bí géèmù bá ti wọ ìṣẹ́jú kẹwàá, yóò sì fúnra rẹ̀ dín ìyára kù kó má baà jóná. Lẹ́yìn àtúnṣe, kò kọjá 71°C. Ìyára tí wọ́n ti sanwó fún tẹ́lẹ̀ ló padà wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, SSD, ibi ìpamọ́ fáìlì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, bó bá jẹ́ hárdì dírafù ayípo ló ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn SSD, ráàmù, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí: bó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ẹ fi èkejì irú rẹ̀ kún un, nítorí pé méjì tó jókòó sí ihò tó tọ́ máa ń gbé ẹrù lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ló dé tí ráàmù fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Àwọn ilé ńlá tó ń ṣiṣẹ́ fún AI ń kó o tán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2025, Micron kéde pé òun yóò pa Crucial tì, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ta ráàmù fún ènìyàn lásán bíi tiwa. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn sún yín dé ìdí ráàmù tí kò bá ẹ̀rọ yín mu: irú ráàmù tó ń jẹ́ DDR3 ní eyín 240, DDR4 tó tẹ̀ lé e ní 288, ọ̀kan kò sì lè wọ ihò èkejì.

Káàdì géèmù wo ni kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lè gbà?

Ihò tí káàdì ń jókòó sí lè fún un ní wáàtì 75, nítorí náà ẹ wá káàdì tí kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò sì ní ihò iná lẹ́gbẹ̀ẹ́. GTX 1650 bá a mu, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí àwọn kan nínú wọn ní ihò iná. Kò sí lára àwọn tí Nvidia já jù sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún RX 6400: ọ̀nà mẹ́rin péré ló ń gbà bá mọ́dábọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, lórí mọ́dábọ́ọ̀dù àtijọ́ ọ̀nà náà tún máa ń lọ́ra, géèmù yóò sì máa kọsẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ra kọ̀ǹpútà náà, ẹ yan èyí tí ara rẹ̀ ga. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ kì í gba káàdì tó gùn.

Wọ́n ní wáyà kan wà tó lè so iná SSD mọ́ káàdì ńlá. Ṣé kí n lò ó?

Ẹ má lò ó. Orí wáyà SATA, èyí tó ń gbé iná fún SSD, kò gbà ju wáàtì 54 lọ lórí fólítì 12, bẹ́ẹ̀ ihò eléyín mẹ́fà lára káàdì lè fa wáàtì 75. Òórùn ike tó ń jó ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ power pack OptiPlex 9020 sí ńlá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé eléyín mẹ́jọ ni mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ń lò, kì í ṣe 24 bíi ti gbogbo ayé, nítorí náà yóò wá wáyà àárín tí wọ́n ṣe fún un gan-an.

Bí iná bá ń já lójijì ńkọ́?

Bí iná bá já nígbà tí Windows ń kọ nǹkan sílẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́, yálà ẹ ṣe overclocking tàbí ẹ kò ṣe é. Ẹ ra UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá já, ṣáájú fáànù aláwọ̀ mèremère.

Ẹnìkan fẹ́ ta kọ̀ǹpútà fún mi tó ní òun ti ṣe overclocking rẹ̀. Ṣé kí n rà á?

Ẹ ní kó tan BIOS lójú yín, kó dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, kó sì fi géèmù tó le sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mú owó jáde, bí ẹ ṣe ń wo ìwọ̀n ooru lójú ẹ̀rọ. Bó bá ní iná kò sí tàbí àyè kò sí, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.