Bárakú ọtí ni, kì í ṣe ìmutípara

Tí ẹ bá wọ ilé ìwòsàn nílẹ̀ Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tó ń ṣèkìlọ̀ nípa "àìsàn ìmutípara". Àwọn elétò ìlera orí rédíò náà ò gbẹ́yìn. Àìsàn ẹni tí kò lè fi ọtí sílẹ̀ mọ́ ni wọ́n fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú yìí kò sì bá a mu, ó sì ń ṣe àwọn èèyàn ní jàǹbá. Ìmutípara ni ohun tó máa ń ṣe ọkọ ìyàwó lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó: ó mu àmujù, ó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n gbé e wọlé, orí fọ́ ọ lọ́jọ́ kejì, ó tán. Ẹni tí dókítà ń wá ní tiẹ̀ lè má tíì mutí para láti ọdún márùn-ún wá. Ọ̀rá ọtí mẹ́ta ló máa ń já láàárọ̀ kó tó jókòó sídìí ọkọ̀. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n á rọlẹ̀, ojú á mọ́, ohùn ò ní lọ́. Ìyàwó rẹ̀ ka ìwé ara ògiri, ó ní ọkọ òun kì í mutí para. Òótọ́ ló sọ. Wọ́n bá gbé àìsàn náà padà sílé.

Àwọn tí kò fẹ́ ìmutípara gbé "álúkọ́hólísíìmù" dé. Kí ni ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ibùdókọ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé bó ṣe máa pè é ló fẹ́ máa kọ́ ni, àbí bó ṣe máa gba ọmọ rẹ̀ là? Àwọn mìíràn ní "ẹrú ọtí". Èébú ni, kì í ṣe orúkọ àìsàn. Dókítà tó bá fi pe èèyàn lẹ́ẹ̀kan, onítọ̀hún ò ní padà wá. "Àmuyíràá" dùn lẹ́nu aláwàdà, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí èèyàn yí ló ń sọ, kò sọ ohun tó ń ṣe é.

Èyí tó wá bí mi nínú jù ni "àìsàn ìlò ọtí" tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ mú jáde. Wọ́n rí i pé ìwé àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà yí orúkọ àìsàn náà padà ní 2013, wọ́n wá tú u lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń lo ọtí? Mímu là ń mu ọtí. A kì í lò ó àfi tí a bá fẹ́ fi fọ egbò tàbí tí a bá fẹ́ fi rẹ egbòogi.

Bárakú ti wà nílẹ̀ ká tó bí gbogbo àwọn olùtúmọ̀ yìí. Tí ẹnì kan ò bá lè fi tábà, aṣáárà tàbí tẹ́tẹ́ sílẹ̀ mọ́, ohun tí Yorùbá ń sọ ni pé ó ti di bárakú sí i lára. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa sọ ọ́ fún tí á ní òun ò gbọ́. Àtakò kan ṣoṣo tí mo gbọ́ tó jọ ọ̀rọ̀ gidi ni pé "kú" wà nínú rẹ̀, pé ó ń gba ìrètí lọ́wọ́ aláìsàn. Ṣùgbọ́n àrùn bárakú náà ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti ikọ́ fée, kò sì sí ẹni tó tìtorí ẹ̀ lọ ra pósí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n lè kápá rẹ̀, ṣùgbọ́n èèyàn ò gbọdọ̀ káwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Bó ṣe rí pẹ̀lú ọtí nìyẹn. Ẹni tó ti jáwọ́ fún ọdún mẹ́wàá lè mu ife kan níbi ìsìnkú, kó tó oṣù kan ó ti padà síbi tó ti kúrò. Bárakú ọtí ni mo mú, òun náà ni mo máa lò lọ.

Dókítà ará Sweden kan, Magnus Huss, ló kọ́kọ́ fún àìsàn náà lórúkọ ìṣègùn ní 1849. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pààlà rẹ̀ tí wọ́n tún ń wó ààlà. Ìlànà inú ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà yẹn tí wọ́n ń lò báyìí ní àmì 11. Ẹni tí méjì nínú rẹ̀ bá hàn lára rẹ̀ láàárín oṣù 12 ti wà níbẹ̀, ẹni tó bá ní mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiẹ̀ ti wọra. Mi ò ní ka gbogbo wọn. Ìbéèrè mẹ́rin tí John Ewing, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1984 yá ju ìyẹn lọ. Ṣé o ti rò ó rí pé ó yẹ kí o dín ọtí kù? Ṣé inú ti bí ọ rí nítorí pé wọ́n bá ọ wí lórí ọtí? Ṣé ọkàn rẹ ti dá ọ lẹ́bi rí? Ṣé o ti fi ọtí fọ ẹnu rí láàárọ̀ kí ara rẹ tó lélẹ̀? Ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" méjì tó láti wá dókítà. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ fojú sí jù, ìdí rẹ̀ ló kàn yìí.

Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ ojú omi tó kó kẹ́ẹ̀gì ògógóró láti àwọn ìletò Ìlàjẹ bọ̀ ní Ìgbókọ̀dá. Apá òsì ni wọ́n to kẹ́ẹ̀gì sí, ọkọ̀ sì fẹ́ yẹ̀. Àwọn èrò ò ní máa wò ó níran. Wọ́n á sún sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ á dúró déédéé. Kẹ́ẹ̀gì ń pọ̀ sí i, èrò náà ń sún sí i. Ẹni tó dúró létí omi tó ń wò wọ́n á ní ọkọ̀ yìí mà dúró dáadáa o. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọtí máa ń fún kẹ́míkà tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní GABA, lágbára, ó sì máa ń tẹ èyí tó ń ta á jí, glutamate, mọ́lẹ̀. Tí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á gbé ara rẹ̀ lọ sí òdìkejì: á dín ìrọlẹ̀ tirẹ̀ kù, á fi kún ìtají. Ìdí nìyẹn tí ọkùnrin kan fi lè mu ìgò bíà mẹ́fà kó sì rìn lọ sílé láìkọsẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ á máa yìn ín pé orí rẹ̀ gbọtí. Wọn ò mọ̀ pé gbogbo èrò ọkọ̀ ti kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wàyí o, ẹ gbé gbogbo kẹ́ẹ̀gì náà kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ìgbà tí èèyàn bá ṣàdédé jáwọ́ nínú ọtí.

Bí ọkọ̀ náà ṣe ń dojú dé ní àsìkò tirẹ̀. Láàárín wákàtí 6 sí 24 sí ìgbà tí ọtí ìkẹyìn wọ ọ̀fun, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, èébì, àìsùn, àyà á máa lù kì-kì-kì. Gbígbọ̀n tí ọtí àárọ̀ máa ń pa nìyẹn. Láàárín wákàtí 6 sí 48, ó lè gbé e ṣánlẹ̀ bí ẹni wárápá mú, bí kò tilẹ̀ ní wárápá rí. Tí ó bá di ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, ara àwọn kan á gbóná janjan, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà, wọ́n á máa rí kòkòrò lára ògiri, wọ́n á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Èyí ń pani tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ yìí gan-an ni àwọn ilé àdúrà kan máa ń ní ẹ̀mí àìmọ́ náà ti fara hàn, tí wọ́n á so ó mọ́ òpó, tí wọ́n á ní kó máa gbààwẹ̀ lọ. Ebi, àìmomi àti ẹ̀wọ̀n lórí ọpọlọ tó ti ń sáré kiri. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu tó bá kú.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń mutí láàárọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n, ẹ má ṣe tì í mọ́lé pé kó jáwọ́ lónìí. Ilé ìwòsàn ló ń lọ, bíi ti Àró ní Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá l'Ékòó. Wọ́n á fún un ní oògùn tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, bíi diazepam, wọ́n á sì máa dín in kù fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí àwọn èrò inú ọkọ̀ lè padà sáàárín díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á tún fún un ní fítámì B1, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ thiamine. Ẹni tó ní bárakú ọtí kì í jẹun kánú, ìfun rẹ̀ kì í sì gba ìwọ̀nba tó rí jẹ. Nígbà tí B1 bá tán lára, ojú á máa yí gbirigbiri, ẹsẹ̀ ò ní gbà á dúró, iyè á ra. Tí wọn ò bá tètè fún un, ìrántí rẹ̀ lè bàjẹ́ títí láé. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò tó bá sáré fa omi ṣúgà sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára láìkọ́kọ́ fún un ní B1 lè mú un burú sí i, nítorí pé B1 ni ara fi ń sun ṣúgà náà, ìwọ̀nba tó kù á sì tán pátá.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. "Ọ̀rá kan lásán" kì í ṣe lásán. Ẹ fi ìdá ọtí inú rẹ̀ (ìdá 5 nínú 100 jẹ́ 0.05) sọ iye mílílítà ọtí di púpọ̀, kí ẹ tún fi 0.789 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí gíráàmù ọtí pọ́ńbélé tó wà nínú rẹ̀. Ìgò bíà 600 mílílítà tó jẹ́ ìdá 5 nínú 100 ní gíráàmù bíi 24. Ọ̀rá 30 mílílítà tó jẹ́ ìdá 43 ní bíi 10. Ọ̀rá márùn-ún ju ìgò bíà méjì lọ, ó sì wọ àpò ṣòkòtò akẹ́kọ̀ọ́ láìsí ariwo. Ohun tó mú kí NAFDAC dìde sí ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò tí kò tó 200 mílílítà ní February 2024 nìyẹn, kí àwọn tó ń ṣe é tó figbe ta. Ọtí tí ẹ̀dọ̀ lè mú kúrò lára ò ju gíráàmù 7 sí 10 lọ ní wákàtí kan. Kọfí, omi tútù, epo pupa, kò sí èyí tó ń mú un yára. Ẹ yé da epo pupa sọ́fun ẹni tó ti dákú sínú ọtí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì lè rọ́nà jáde.

Paraga náà ń kọ́? Àgbo ni wọ́n ní àwọn ń mu, pé jẹ̀díjẹ̀dí ń dà wọ́n láàmú. Ẹ wo ìdí ìgò ìyá alágbo: ẹ̀ka igi, egbò, èèpo, gbogbo rẹ̀ rì sínú ògógóró, èyí tó sábà máa ń tó ìdá 40 nínú 100. Ife kékeré 50 mílílítà jẹ́ gíráàmù bíi 16. Dókítà tó bá bi ọkùnrin kan pé "Ṣé ẹ ń mu ọtí?" máa gbọ́ rárá. Kó bi í nípa àgbo. Ọ̀rọ̀ ọtí ayédèrú tó ní methanol, ọtí olóró tí kì í ṣe ti mímu, irú èyí tó pa àwọn èèyàn ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2015, májèlé ni ìyẹn, kì í ṣe bárakú.

Ẹ̀dọ̀ ló ń kọ́kọ́ jìyà: ọ̀rá bíi ti ẹran á bò ó, á wú, lẹ́yìn náà àpá á rọ́pò ẹran ara rẹ̀ títí tí á fi le gbagidi. Èyí tó jẹ́ ọ̀rá lásán máa ń padà sípò tí wọ́n bá jáwọ́. Èyí tó ti di àpá kì í sábà padà. Inú á kún fómi, ojú á pọ́n bíi ti ibà pọ́njúpọ́ntọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè tú jáde lẹ́nu lójijì. Ẹni tó bá tún ní àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wa, tiẹ̀ máa ń yá ju ti ẹlòmíràn lọ. Jẹjẹrẹ ẹnu, ọ̀nà ọ̀fun, ìfun àti ọmú wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, ìyẹn ò gba àlàyé.

Nínú ilé, kí owó tó bàjẹ́ ni irọ́ ti máa ń wọlé. Ìyàwó á pe ọ̀gá níbi iṣẹ́ pé ibà ń ṣe bàbá wọn. Àkọ́bí á kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó mọ irú alẹ́ tí wọ́n máa sùn. Awakọ̀ á mu nínú owó olówó ọkọ̀, á wá sáré kó lè dí i. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti ń wá. Àwọn àna á ní kí obìnrin náà ní sùúrù. Tí ọkùnrin náà bá wá jáwọ́ tán, ìdána ọmọ ìyá rẹ̀ á dé, wọ́n á ní òun ni kó tẹ́wọ́ gba ọtí ìdána, kó sì tọ́ ọ wò. Ẹ gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un.

Tí ẹ bá ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, ẹ kọ aago tó mu kẹ́yìn sílẹ̀, iye tó ń mu lójúmọ́, bóyá ó ti ṣánlẹ̀ rí, àti bóyá ó ń fi tramadol tàbí codeine kún un. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní disulfiram, tó ń mú kí ọtí kọ ara ẹni tó bá lò ó. Àwọn ìyàwó kan máa ń lọ̀ ọ́ sínú ọbẹ̀ ọkọ wọn ní kọ̀rọ̀. Ẹ má dán an wò. Agbára rẹ̀ lè wà lára fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò mọ̀ pé òun jẹ ẹ́ á mutí lé e lórí, ojú á pọ́n, àyà á máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí wọ́n máa fi gbé e.